Ẹ Bi Wá Léèrè: Pípààrọ̀ ère ènìyàn nínú géèmù àtijọ́

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa ń gbá géèmù Grand Theft Auto: San Andreas lórí kọ̀ǹpútà àgbéléká kan tó ti gbó. Ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò já gaara, ìka ọwọ́ wọn sì lẹ̀ pọ̀. Mo wa ère tuntun bí ogójì sílẹ̀, mo sì kó gbogbo wọn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà, géèmù yìí máa ń kú mọ́ wa lọ́wọ́, apá àwọn mìíràn sì máa ń gùn bí okùn bí wọ́n bá ń sáré. Kí ni mo ṣì ṣe? Ṣé ó sì ṣeé ṣe kí n fi aṣọ òfì wọ̀ wọ́n? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Apá tó ń gùn ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí pé ẹni tó bá ń wá ère tuntun kì í sábà wo abẹ́ awọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ igun mẹ́ta kéékèèké ni a tò pọ̀ di ara ènìyàn inú géèmù, ṣùgbọ́n egungun kan wà nínú ara yìí, òun ni géèmù ń gbé bí ẹni náà bá ń rìn. Gbogbo orí igun tó wà lára ère ni a gbọ́dọ̀ so mọ́ egungun kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì sọ bí egungun kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fà á tó. Bí ẹni tó ṣe ère náà bá gbé e láti inú géèmù mìíràn, tí kò sì so ó dáadáa mọ́ egungun San Andreas, egungun yóò gbéra, ẹran apá yóò sì kù sẹ́yìn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kun ère rẹ̀ ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n igi náà ti dúró sójú ìwọ̀n kí ọ̀dà tó kàn án. Ẹ lè ṣí fáìlì .dff náà, èyí tí ara ère wà nínú rẹ̀, nínú Blender, ohun èlò tí a fi ń ṣe ère lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àfikún DragonFF tó ń jẹ́ kí ó lè ka irú fáìlì yìí, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtilẹ̀wá, kí ẹ sì tún ìsopọ̀ rẹ̀ ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀ jù, ẹ wá ère mìíràn.

Ní ti kíkú tó ń kú, ẹrù ló wúwo jù. PlayStation 2, tí MB 32 péré jẹ́ ìrántí rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe géèmù yìí fún ní 2004, ti Windows tẹ̀lé e ní 2005. Àwòrán awọ, ìyẹn àwòrán tí a fi bo ara ère, tó jẹ́ píksẹ́lì 256 lóròó àti níbùú yóò di ìlọ́po 16 bí ẹ bá sọ ọ́ di 1024. Bí a kò bá fún un pọ̀, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kan ń gba MB 4, bí a bá sì fún un pọ̀ ní ọ̀nà DXT1, ìdajì MB ni. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ogójì náà kúrò, ẹ dá gta3.img àtilẹ̀wá, fáìlì ńlá tí ère inú géèmù wà nínú rẹ̀, padà, kí ẹ sì lo Mod Loader, tí í jẹ́ kí ère kọ̀ọ̀kan wà nínú fódà tirẹ̀ láìfọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́. Ẹ fi ẹyọ kan sí i, ẹ gbá géèmù náà dáadáa, kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Mo mọ̀ pé ó ń sú ni, pàápàá bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀. Lójú tèmi, àwọn tí ojú wọn máa ń súnmọ́ yín nínú ìtàn ni kí ẹ mú. Èrò ọ̀nà tó ń kọjá kò nílò ìka ọwọ́ márùn-ún.

CJ, ẹni tí ẹ ń darí nínú géèmù, yàtọ̀. Orí, àyà, ẹsẹ̀ àti bàtà rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fáìlì player.img, nítorí pé ó ń pààrọ̀ aṣọ, ó sì ń sanra. Ẹni tó bá fi odidi ère kan rọ́pò rẹ̀ ti pàdánù gbogbo ìyẹn.

Aṣọ òfì kò nílò ère tuntun rárá, inú dídùn ni mo sì fi ń dáhùn èyí. Inú fáìlì .txd ni àwòrán aṣọ wà, tí a tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ègé aṣọ tí télọ̀ ti gé ṣùgbọ́n tí kò tíì rán. Ẹ ya òfì yín ní ojúmọmọ, níbi tí òjìji kò sí, kí ẹ fi rọ́pò aṣọ inú àwòrán náà, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì wà ní 256 tàbí 512. Ibi tí ó le ni ẹ̀gbẹ́ ìhà, nítorí pé ilà òfì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu níbi tí iwájú ti pàdé ẹ̀yìn. Àṣìṣe yìí máa ń hàn ju ti aṣọ aláwọ̀ kan lọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè kó ère kan náà sínú géèmù yìí lórí fóònù Android mi? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Mà. Ère náà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kò ní bá a lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ti fóònù kì í lo .txd, inú àkójọ fáìlì mìíràn ni àwòrán rẹ̀ wà. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún Android ni kí ẹ wá.