Ẹ̀dá Inú Pokémon Tí Ó Ń Múni Bínú: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Láti ìgbà tí a ti kéde pé abala ìbéèrè àti ìdáhùn ti oṣù yìí yóò dá lórí Pokémon, eré orí ẹ̀rọ tí a ti ń mú àwọn ẹ̀dá, tí a sì ń fi wọ́n jà, ẹ̀sùn ni ó pọ̀ ju ìbéèrè lọ nínú lẹ́tà tí ó ń wọlé. Kálukú ní ẹ̀dá tàbí alátakò tí ó fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. A yan díẹ̀ nínú wọn, a sì gé àwọn tí ó gùn jù kúrú. A fi orúkọ àwọn ẹ̀dá náà àti orúkọ ọgbọ́n ìjà wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú eré, kí ẹni tí ó bá ń wò wọ́n lójú ẹ̀rọ má baà ṣì wọ́n mọ̀.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Pokémon Gold àtijọ́ ni mo ń ṣe, mo sì ti dé ọ̀dọ̀ Whitney, olórí ibi ìjà tí ó wà ní Goldenrod City. Miltank rẹ̀, ẹ̀dá bíi màlúù, ti na gbogbo ẹgbẹ́ mi tán. Bí mo bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀, yóò mu wàrà, ara rẹ̀ yóò sì tún yá gágá. Akọ ni àwọn tí mo fi ń jà, ìfẹ́ Miltank sì ń kó sí wọn lórí débi pé wọn kì í gbé ọwọ́ sókè mọ́. Ṣé àwọn tí ó ṣe eré yìí tiẹ̀ fẹ́ kí ènìyàn kọjá níbẹ̀?

Ìdáhùn: Wọ́n fẹ́ kí ẹ kọjá, ẹ̀yin nìkan sì kọ́ ni Miltank yìí ti dá dúró láti ọdún 1999 tí Gold àti Silver ti jáde ní Japan. Kì í ṣe pé ẹ̀dá náà lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí ipele 20 péré ni ó wà. Bí ọgbọ́n ìjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣe ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ ni ìṣòro. Attract yóò mú kí akọ tí ó bá dojú kọ ọ́ pàdánù àyè rẹ̀ (ìyẹn ìgbà tí ó kàn án láti jà) ní ìdajì ìgbà. Stomp lè mú kí alátakò ta gìrì, kí ó má sì lè ṣe nǹkan kan ní àyè náà. Milk Drink yóò dá ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ padà fún un. Rollout ni ó wá burú jù nínú wọn: agbára 30 ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń bà láìtàsé, agbára náà ń di ìlọ́po méjì, láti 60 sí 120, sí 240, títí yóò fi di 480 ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Kò sí ọmọ ìjà tí ó wà ní irú ipele yín tí yóò dúró de èyí tí ó kẹ́yìn yẹn.

Ṣùgbọ́n inú Rollout yẹn náà ni àyè yín wà. Ẹ̀dá tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí kò lè fúnra rẹ̀ dáwọ́ dúró kí àyè márùn-ún tó pé, àfi bí ó bá tàsé, bí ó bá sì tàsé, orí 30 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ìyẹn ni pé ní gbogbo àkókò tí ó fi ń yí, kò lè mu wàrà rárá. Ohun tí ẹ nílò ni ẹni tí yóò lè fara da ìkọlù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó sì máa lù ú padà. Geodude tí ó bá jẹ́ abo yẹ fún iṣẹ́ náà gidigidi: Attract kò ràn án nítorí pé abo ni Miltank náà, irú Ground (irú ni ẹ̀yà tí ẹ̀dá àti ìkọlù kọ̀ọ̀kan wà, òun ni ó ń pinnu bí ìkọlù ṣe ń dunni tó) tí ó wà lára rẹ̀ ń gé Rollout sí ìdajì, irú Rock tí ó wà lára rẹ̀ sì ń gé Stomp sí ìdajì. Ẹ ó rí Geodude nínú Union Cave, tí ẹ ti gba inú rẹ̀ kọjá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Whitney.

Ọ̀nà kejì wà nínú Goldenrod City gan-an. Ẹnìkan wà nínú ilé ìtajà ńlá ibẹ̀ tí yóò gba Drowzee lọ́wọ́ yín, tí yóò sì fún yín ní Machop. Abo ni Machop náà, irú Fighting ni, ìkọlù irú Fighting sì ń ba Miltank ní ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni Rollout kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Drowzee kò jìnnà, Route 34 tí ó wà ní gúúsù ìlú náà ni ó ń gbé. Lójú tèmi, ẹni tí ó fi Machop yẹn síbẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó gbé ìdáhùn kalẹ̀ ní ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ìbéèrè, kò kàn pariwo rẹ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá borí tán tí Whitney bú sẹ́kún, tí ó sì kọ̀ láti fún yín ní àmì ìṣẹ́gun yín títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Raikou, ẹ̀dá tí ó máa ń sá kiri, sá mọ́ mi lọ́wọ́ nínú Gold kí n tó lè ju bọ́ọ̀lù kankan tí a fi ń mú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mú un? Ẹ sì tún bá mi wá ọ̀nà tí n óò fi bọ́ lọ́wọ́ Zubat nínú ihò àpáta, nítorí ó ti sú mi.

Ìdáhùn: O ṣeun tí o kọ̀wé sí wa, ọmọ mi. Ìbéèrè rẹ méjèèjì wọnú ara wọn ju bí o ṣe rò lọ. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti Zubat. Repel, ohun tí a ń lò láti lé ẹ̀dá sẹ́yìn, ń ṣiṣẹ́ fún 100 ìṣísẹ̀, Super Repel fún 200, Max Repel fún 250, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀dá inú ihò tí ipele rẹ̀ bá kéré sí ti ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ yọjú sí ọ. Nítorí náà, ẹni tí ipele rẹ̀ ga jù ni kí o fi ṣíwájú. Bí Zubat bá sì ti fi Supersonic da orí ẹni rẹ rú, má ṣe máa fi agídí jà lọ, nítorí nínú Gold, ìdajì ìgbà ni ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú ń lu ara rẹ̀. Pè é padà kí o sì rán ẹlòmíràn jáde. Ìdàrúdàpọ̀ náà ń parí bí ó bá ti kúrò lójú ìjà. Àwọn tí ó ṣe eré náà mọ̀ pé ìyà yìí pọ̀, wọ́n sì dín in kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta nínú Sun àti Moon tí ó jáde ní 2016.

Ṣùgbọ́n kí o tó lé gbogbo Zubat dànù, mú ọ̀kan kí o sì tọ́jú rẹ̀. Yóò di Golbat ní ipele 22, bí ó bá sì fẹ́ràn rẹ dáadáa, yóò di Crobat. Ìwọ̀n ìyára Crobat jẹ́ 130, ti Raikou sì jẹ́ 115, èyí túmọ̀ sí pé bí ipele wọn bá súnmọ́ra, Crobat ni yóò kọ́kọ́ ṣe nǹkan. Àyè kan ṣoṣo yẹn ni o nílò láti lo Mean Look, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dá sá lọ. Raikou ṣì lè lo Roar láti fi òpin sí ìjà náà, nítorí náà yára mú un sùn bí o bá ní ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì tún sá, má ṣe bínú jù: ẹ̀mí tí o bá ti gé kúrò lára rẹ̀ kì í padà, bí o bá tún pàdé rẹ̀, ibi tí o bá a dé ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Kìkì pé kí o má lù ú dákú, nítorí bí ó bá dákú, kò ní padà wá mọ́.

Ìbéèrè: Olóòtú, ènìyàn bíi tèmi ni mo máa ń bá jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan lo Thunder Wave fún ọmọ ìjà mi, ó sì wá ń fi Togekiss lo Air Slash lù ú léraléra. Mo kàn ń wò ó ni, n kò lè ṣe ohunkóhun títí ọmọ ìjà mi fi dákú. Ǹjẹ́ èyí kì í ṣe ojóóró? Kí ni ó dé tí wọn kò fòfin dè é?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ojóóró, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Air Slash ní àǹfààní ìdá 30 nínú 100 láti mú alátakò ta gìrì, àbùdá Serene Grace tí Togekiss ní sì sọ ọ́ di 60. Ẹni tí Thunder Wave bá ti mú rọ yóò tún pàdánù ìdá 25 nínú 100 àyè tí ó bá kù fún un. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, bí Air Slash kò bá tàsé, ìdá 30 nínú 100 péré ni ó kù fún yín láti ṣe nǹkan. Nínú gbogbo lẹ́tà tí ó wọlé lóṣù yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó kọ̀wé pé ẹ̀dá kan ń luni jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ni pé wọn kò jẹ́ kí àwọn ṣe nǹkan. Ìjìyà ìkọlù ńlá máa ń tètè parí. Jíjókòó lásán ni kò ṣeé fara dà.

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ náà burú ju báyìí lọ. Nínú eré àkọ́kọ́, tí ó jáde ní Japan ní 1996, ẹ̀dá tí ó bá di yìnyín kì í yọ́ fúnra rẹ̀ rárá. Bí alátakò kò bá fi iná jó o tàbí kí ó lo Haze, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ìjà yóò fi parí. Ọgbọ́n ìjà Wrap pẹ̀lú kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá wé mọ́ gbé ìka fún àyè méjì sí márùn-ún, bí ẹni tí ó wé e bá sì yára jù ú lọ, ó lè tún un ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Méjèèjì ni wọ́n tún ṣe láti ìran kejì, ìyẹn Gold àti Silver. Àwọn òṣèré fúnra wọn sì ṣe òfin tiwọn: ní Smogon, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń ṣe òfin ìjà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin fi wà pé ẹ kò gbọdọ̀ mú ju alátakò kan sùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì gbọdọ̀ lo Double Team, tí ó ń mú kí ìkọlù máa tàsé. Mo fara mọ́ òfin wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní fara mọ́ ọn bí wọ́n bá fòfin de Togekiss, nítorí ọ̀nà àbáyọ pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá a.

Ìgbésẹ̀ yìí dá lórí pé kí Togekiss kọ́kọ́ ṣe nǹkan, nítorí kò sí bí ẹni tí ó ti lo àyè tirẹ̀ tán ṣe lè ta gìrì. Ìwọ̀n ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 80 péré. Ìdí nìyẹn tí Thunder Wave fi ń ṣíwájú: òun ni ó ń sọ ẹni tí ó yára di ẹni tí ó lọ́ra. Jolteon, tí ìwọ̀n ìyára rẹ̀ jẹ́ 130, kò bẹ̀rù rẹ̀, nítorí láti ìran kẹfà, ní 2013, irú Electric kì í rọ mọ́ rárá, ìkọlù Electric sì ń ba Togekiss ní ìlọ́po méjì. Ẹ tún lè wá ẹni tí ó ní àbùdá Inner Focus, tí kì í ta gìrì, tàbí kí ẹ fi Lum Berry, èso tí ó ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn, sọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Nínú ìdíje àgbáyé tí àwọn aláṣẹ eré náà ń ṣe, ìjà méjì sí méjì ni wọ́n ń jà, Togekiss kan kò sì lè fi Air Slash dá ẹni méjì dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Garchomp tí Cynthia, ọ̀gá ìkẹyìn, ní nínú Diamond. Ẹ gbà mí o!

Ìdáhùn: Ipele 66 ni ó wà, irú Dragon àti Ground ni, ìkọlù Ice sì ń bà á ní ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí ó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹni tí ó lọ́ra ni wọ́n fi Ice Beam sí lọ́wọ́, Garchomp á sì ti lù ú dákú kí ó tó kàn án. Ẹ lo ẹni tí ìwọ̀n ìyára rẹ̀ ju 102 lọ, tàbí Ice Shard, tí ó máa ń ṣíwájú láìka ìyára sí.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ̀yin náà ńkọ́? Èwo ni ẹ kórìíra jù?

Ìdáhùn: Wobbuffet ni, n kò sì ní gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rò ó. Ẹ̀dá tí kì í kọ́kọ́ luni ni. Láti Ruby àti Sapphire, ní 2002, ni wọ́n ti fún un ní àbùdá Shadow Tag, tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ padà sílé. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ lù ú, yóò fi Counter dá a padà ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fi iná tàbí omi kọlù ú, Mirror Coat ni yóò fi dá a padà ní ìlọ́po méjì. Bí Wobbuffet méjì tí ó ní Leftovers lọ́wọ́ bá sì pàdé ní àkókò náà, ìjà náà kò lè parí láéláé, nítorí kò sí èyí tí ó lè kúrò, oúnjẹ ọwọ́ wọn sì ń wò wọ́n sàn ju ìpalára tí Struggle, ìkọlù tí ó kù fún ẹni tí ọgbọ́n ìjà rẹ̀ ti tán, ń ṣe fún wọn lọ. Eré tí kò lè parí kì í ṣe eré mọ́. Nínú Diamond àti Pearl, ní 2006, ni wọ́n tó ṣe é kí Shadow Tag má lè de ẹlòmíràn tí ó ní in.

Síbẹ̀, ó ní ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Ọgbọ́n ìjà irú Fighting ni Counter, kì í sì í ba irú Ghost; irú Psychic ni Mirror Coat, kì í sì í ba irú Dark. Irú Ghost àti Dark yìí kan náà ni wọ́n sì ń ba Wobbuffet ní ìlọ́po méjì. Ní ìran kẹta, ìyẹn Ruby àti Sapphire, àfojúkojú (irú tí Counter ń dá padà) ni gbogbo ìkọlù Ghost, ti Dark sì jẹ́ ti òkèèrè (irú tí Mirror Coat ń dá padà), nítorí náà ẹ̀dá Ghost tí ó bá lo ọgbọ́n Ghost, tàbí ẹ̀dá Dark tí ó bá lo ọgbọ́n Dark, kò ní nǹkan kan láti bẹ̀rù. Láti ìran kẹrin, ìyẹn Diamond àti Pearl, ni ọgbọ́n ìjà kọ̀ọ̀kan ti ní ọ̀nà tirẹ̀, àfojúkojú tàbí ti òkèèrè, nítorí náà ẹ wo àlàyé ara rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Kí ẹ sì tó gbá a ní èyí tí yóò mú un dákú, ẹ wò ó bóyá Destiny Bond ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, nítorí bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ ṣubú.