Ṣé ọdún 6 ni ọmọ yóò fi di dókítà lóòótọ́?

Ẹ kú oríire ọmọ tó wọ yunifásítì, mà. Ẹ béèrè bóyá ọdún 6 ló máa fi di dókítà. Ẹ fọkàn sí 8, ó kéré tán. Nàìjíríà níbí ni èmi náà ti kọ́ ọ.

Ọdún 6 ló wà nínú ìwé fún ẹni tó gba JAMB wọlé. Físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ni wọ́n ń kọ́ lọ́dún kìíní. Anatomy (ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara), physiology (bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) àti biochemistry (kẹ́míkà inú ara) ló tẹ̀ lé e, ìdánwò ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní MB sì wà níwájú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń tún ọdún kà, tí wọ́n sì ń gbé àwọn mìíràn lọ sí ẹ̀ka tí wọn ò yàn. Ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? Ti ASUU lọ́dún 2022 nìkan gba oṣù 8.

Wọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ gan-an wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àpò ara aláìsàn ni owó àyẹ̀wò ti ń jáde, nítorí náà àwọn ọ̀gá wa kì í gbà ká sáré kọ àyẹ̀wò. Wọ́n á ní, "Kí ni ọwọ́ rẹ sọ fún ọ?" Mo rántí baba kan tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò. Mo gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, mo ní kí baba mí sínú, mo ń sún un díẹ̀díẹ̀ lọ sókè lápá òsì, àfi bí etí ọlọ inú (spleen) ṣe wá kan ìka mi. A ti mọ̀ pé ó wú kí wọ́n tó rówó scan. Irú ẹ̀kọ́ yìí dára púpọ̀, mo sì dúpẹ́ pé mo rí i kọ́.

Ẹni tó yege finals kò tíì parí o. MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, á fún un níwèé àṣẹ onígbà díẹ̀, yóò fi ṣe house job, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ dókítà tuntun nílé ìwòsàn, fún oṣù 12: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní medicine, surgery, ìtọ́jú ọmọdé àti ti aboyún. Òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀, òun ló ń gbé e lọ sí láàbù, òun ló ń so dríìpù lóru. Ọ̀pọ̀ dókítà ti jápa, iṣẹ́ ẹni púpọ̀ sì ń já lé ẹyọ ẹnìkan léjìká. Àgùnbánirọ̀ ọdún kan ló kàn.

House job ní owó oṣù, ṣùgbọ́n ààyè rẹ̀ kì í tètè yọ. Ó pẹ́ tí mo fi jókòó sílé láìsí kọ́bọ̀. Owó tí ẹ bá lè tọ́jú, àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ fi dè.