Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà: Pèpéle Onípákó fún Púùlù Tó Jókòó Sórí Ilẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá wa. Kubwa níbí ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi púùlù kan ránṣẹ́ sí wa, irú èyí tí wọ́n ń gbé ka orí ilẹ̀ tí èèyàn ò ní gbẹ́ kòtò fún un, ó róbótó, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ó ga ní ẹsẹ̀ 4, irin ni fírémù ẹ̀, ara ẹ̀ wá dà bíi tapólì. Àkàbà tó bá a wá ti ń mì, àwọn ìbejì mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 ò sì jẹ́ kí n sinmi, ojoojúmọ́ ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo wá rí i lórí YouTube bí àwọn òyìnbó ṣe ń fi pákó kọ́ pèpéle sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, dẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ń pè é. Owó tí káfíńtà tí mo pè dá lé e, mi ò lè sọ ọ́ síta, ni mo bá ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. Igi wo ni kí n rà? Ṣé mo lè kan dẹ́ẹ̀kì yẹn mọ́ ara púùlù kí àwọn méjèèjì lè di ara wọn mú? Háyà ni mo wà o, kì í ṣe ilé mi. Bàbá Ìbejì, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á wo àwọn Táíwò àti Kẹ́hìndé fún wa. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè tó wà láàárín yẹn ṣáájú torí òun ló bà mí lẹ́rù. Rárá o! Ẹ ò gbọdọ̀ kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ púùlù yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ fi pákó tì í, okùn pàápàá ẹ má fi so nǹkan mọ́ irin ẹ̀. Omi tó máa wà nínú ẹ̀ tó bíi 11,000 lítà, lítà omi kan sì rèé kílò kan ni, tọ́ọ̀nù 11 nìyẹn, bíi Corolla mẹ́jọ tí wọ́n kó jọ síbì kan (tí ẹ bá sì rò pé méruwa lẹ máa pè, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà 440 ni, ẹ yáa lọ wá tánkà). Gbogbo agbára tí irin àti tapólì yẹn ní, omi ti gbà á tán, kò sí èyí tó kù tó máa fi gbé èèyàn. Dẹ́ẹ̀kì yín gbọ́dọ̀ dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, tó jẹ́ pé tí ẹ bá gbé púùlù kúrò lọ́la, kó ṣì dúró gbọnyin-gbọnyin níbẹ̀ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nǹkan kejì, ẹ pọn omi kún púùlù yẹn ná kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Tí ó bá kún, ara ẹ̀ á wú síta, ìdí ẹ̀ á sì wọlẹ̀ díẹ̀, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lófìfo á kàn rí i pé pákó òun ti ń gún un níkùn. Ẹ fi àlàfo íǹṣì 2 sílẹ̀ láàárín pákó àti tapólì.

Ní ti háyà, ẹ lọ bá lanlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan, kó má jẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ń kó ẹrù lọ lá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ka ihò ilẹ̀ ẹ̀ fún yín. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì àti síkúrù ni kí ẹ fi mú gbogbo ẹ̀, ẹ fi ìṣó sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe páànù. Ohun tí wọ́n fi bóòtì mú, ẹ lè tú u bí ìgbà tí èèyàn ń tú bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó sì gbé e lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ igi, ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú ẹ̀ nílé mi ní Lugbe, arère ni mo rà, torí ó fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ayùn, owó ẹ̀ ò sì dùn mí. Òjò ọdún àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Òjò ọdún kejì, ìyàwó mi gbé báfù aṣọ lọ síbẹ̀, pákó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ wọlé dé orúnkún. Ìkán ti jẹ inú ẹ̀ tán, èèpo òkè ló kù tó ń tàn wá jẹ. Títí dòní, tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe bí ọ̀rọ̀ láàárín wa, ó máa rántí báfù yẹn ṣáá ni. Nítorí náà, arère àti àfàrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá sílíìnì lọ. Èyí tó lè bá omi àti ìkán ṣe ìjàkadì ni ìrókò, apá, àti ọpẹpẹ. Apá, àwọn tó ń ṣe ilẹ̀kùn ti fi owó gbé e kúrò níwájú wa. Ọpẹpẹ ni mo fẹ́ràn jù fún òpó àti abẹ́, igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ojú irin rélùwéè tí wọ́n sì ń rì sétí omi ni, àmọ́ ó máa ń là, ẹ fi dírìlì lu ihò sílẹ̀ kí síkúrù tó wọ̀ ọ́, ẹ má fipá mú un.

Dei-Dei kò jìnnà sí Kubwa, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ, ẹ má lọ Kugbo, àga àti bẹ́ẹ̀dì ni tiwọn. Ẹ mú tépù dání torí 2 báì 6 tí wọ́n máa pè fún yín lè má pé 2, ó sì lè má pé 6, ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ fi ojú kan wò ó láti ìdí dé orí bóyá ó wọ́. Pákó wa ẹsẹ̀ 12 ló máa ń gùn, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe dẹ́ẹ̀kì yín ní ẹsẹ̀ 8 báì 12, ẹ ò ní máa gé e ṣòfò. Fún òkè ẹ̀, 1 báì 12 mẹ́jọ ló máa gbà, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ́ ẹ ní odindi o, pákó tó bá fẹ̀ tó yẹn máa ń ká bí ewé tí oòrùn pa, ẹ ní kí àwọn onímáṣíìnì ibẹ̀ là á sí méjì fún yín kó di 6, mẹ́rìndínlógún á jáde, 16 lọ́nà íǹṣì 6 sì ni ẹsẹ̀ 8 yín géérégé (ayùn á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ má jà sí i).

Ohun tí àwọn ti YouTube ò lè sọ fún yín ni ọ̀rọ̀ ọyẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ fi àlàfo sáàárín pákó kí omi lè máa jò lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pákó wo? Èyí tí ẹ bá rà lóṣù Kẹjọ nígbà tí òjò Abuja ń rọ̀ lójú méjèèjì, omi wà lára ẹ̀ bí ẹja tútù. Tí ẹ bá wá fi àlàfo sí i, tó bá di oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ dé, gbogbo ẹ̀ á súnkì, àlàfo yẹn á wá gba ìka ẹsẹ̀ ọmọ. Tí igi bá tutù, ẹ tò ó mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, ọyẹ́ fúnra ẹ̀ á la àyè sí i. Tí ó bá ti gbẹ dáadáa ni kí ẹ fi ìṣó íǹṣì 3 ṣe ìwọ̀n àlàfo, ẹ tì í sáàárín, ẹ dè é, ẹ yọ ìṣó. Tèmi ni pé kí ẹ rà á báyìí, ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé pẹ̀lú igi wẹ́wẹ́ láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù fún un. Mo mọ̀ pé àwọn ìbejì ò ní sùúrù.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Òpó 4 báì 4 méjìlá, ìlà mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, kí òpó inú ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ 4 síra wọn. Ìlà tó sún mọ́ púùlù, kó jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ kan ààbọ̀, kí orí igi yọ síwájú lọ bá a, torí ẹ ò lè máa gbẹ́ ihò nídìí nǹkan tó wúwo ní tọ́ọ̀nù 11, ilẹ̀ á já. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ tútù máa ń gbẹ́ ihò jìn gan-an torí omi inú ilẹ̀ máa ń dì, á wá ti òpó sókè, Abuja ò ní ìyẹn, ilẹ̀ pupa tó le ni ẹ̀ ń wá, ẹsẹ̀ 2 sábà máa ń tó, àyàfi tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kó dà síbẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ kọjá. Ẹ má ri igi mọ́ inú kọnkéré! Ibẹ̀ ni omi máa jókòó sí, ibẹ̀ náà ni ìkán máa gbà wọlé. Ẹ lọ bá wẹ́dà àdúgbò kó fi irin pẹlẹbẹ ṣe nǹkan bíi lẹ́tà U méjìlá fún yín, tó ní ìdí gígùn, ìdí yẹn ni kí ẹ rì sínú kọnkéré, kí U yẹn ga ju ilẹ̀ lọ ní íǹṣì 3, ẹ wá gbé òpó sínú ẹ̀ kí ẹ fi bóòtì gún un lágbede méjì. Ìkán tó bá fẹ́ gùn ún, á kọ́kọ́ mọ ọ̀nà amọ̀ ẹ̀ sára irin lójú yín, ẹ ó kàn fi bàtà gbá a dànù. Kí orí gbogbo òpó lè dọ́gba, ẹ yá rọ́bà tó mọ́ gaara lọ́wọ́ bíríkìlà, ẹ bu omi sí i, ibi tí omi bá dúró sí nígun kan náà ló máa dúró sí nígun kejì.

Lórí òpó, 2 báì 6 méjì-méjì tí wọ́n fi bóòtì mú pọ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, lórí ìyẹn, 2 báì 6 mẹ́wàá tí wọ́n dábùú, íǹṣì 16 síra wọn, kí pákó òkè tó wá. Ẹ fi igi dábùú láti òpó kan sí èkejì bíi lẹ́tà X, torí dẹ́ẹ̀kì tó ga tó báyìí, kì í wó lulẹ̀ tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ fì sí tí àwọn ọmọ bá ń jó lórí ẹ̀.

Púùlù yín róbótó, dẹ́ẹ̀kì yín ní igun, àárín ni wọ́n ti máa fẹnu kanra. Tí ẹ bá fi máa rìn ẹsẹ̀ 2 sọ́tùn-ún tàbí sósì, àlàfo á ti fẹ̀ sí i ní íǹṣì 4. Nítorí náà pákó àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa gé sí ọ̀bìrí, ẹ fi páálí Indomie ya á lára púùlù ná, tí páálí bá bá a mu, ẹ gbé e lé pákó. Ẹsẹ̀ 4 àárín yẹn lẹ fi máa wọ omi, gbogbo ibi tó kù níwájú, igi ìdìmú ni. Kí ojú dẹ́ẹ̀kì relẹ̀ sí etí púùlù ní íǹṣì 3, ìyẹn fi 45 sílẹ̀ láti ilẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́fà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ga ní íǹṣì 7 ààbọ̀, kò ní dá àgbàlagbà lágara.

Bàbá Ìbejì, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Púùlù yẹn bó ṣe wà yẹn, ògiri ẹsẹ̀ 4 ẹ̀ ni ọgbà tó ń dá ọmọ ọdún 4 dúró, tí ẹ bá yọ àkàbà, ó parí. Ọjọ́ tí ẹ bá parí dẹ́ẹ̀kì, àtẹ̀gùn lẹ ti kọ́ fún wọn lọ sínú omi yẹn. Ọmọ tó bá bọ́ sómi kì í pariwo bí ti fíìmù, wẹ́lo ló máa ń lọ. Ẹ ṣe géètì sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kó jẹ́ pé síta ló máa ṣí, kó ní sípíríìnì tó máa ti ara ẹ̀, kí ìdè ẹ̀ ga kọjá ibi tí wọ́n lè nawọ́ dé bí wọ́n tilẹ̀ gun àpótí. Ìdìmú yípo kó ga ní íǹṣì 36, kí àlàfo àárín igi ẹ̀ má tó íǹṣì 4, torí orí ọmọ lè wọ ibẹ̀. Tí ẹ ò bá tíì ní géètì, ẹ ò tíì ní dẹ́ẹ̀kì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Ẹ sì sọ fún àwọn àbúrò yín tó máa wá kí yín lọ́jọ́ ọdún pé omi ẹsẹ̀ 4 kì í ṣe ohun tí wọ́n ń forí bẹ́ sí.

Wáyà pọ́ǹpù, ẹ má gbà á sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ẹ pe oníná gidi kó fi búrékà RCD 30 mA sí i (èyí tó máa ń já iná fúnra ẹ̀ tí iná bá ń jò), ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ti ara yín. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán tí gbogbo ayé fi ń kùn igi, ẹ má ṣe é o, á máa yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, á sì léfòó lórí omi. Solignum, oògùn igi, ni kí ẹ fi kùn ún kí ẹ tó tò ó, orí igi tí ẹ gé ni kẹ́ ẹ kùn jù, kó gbẹ tán kó tó dé ibi tí omi wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, tí wọ́n ń jù sẹ́yìn wíáháòsì, ò lè ṣe dẹ́ẹ̀kì púùlù? Ọ̀fẹ́ ni mo rí i. Màmá Bísí, Minna.

ÌDÁHÙN: Màmá Bísí, ọ̀fẹ́ dùn, mo mọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi iná tẹ̀ sí i. Tí ó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀, ẹ lè lò ó. Tí ó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá, tó wá lábàwọ́n kẹ́míkà, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n HT náà ò lè gòkè ẹsẹ̀ 4, pákó ẹ̀ tín-ín-rín, ìṣó ẹ̀ kúkurú, wọn ò ṣe é fún èèyàn láti máa fò lórí ẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gun dẹ́ẹ̀kì, lórí gíráfẹ́ẹ̀lì, kí ẹrẹ̀ Minna má bàa bá wọn wọnú omi.