Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ni Kí Ó Wá Kọ́ Àwọn Ọmọ Girama Ní Òwò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Olùkọ́ ìmọ̀ okòwò ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀gá wa ní kí n ṣètò ọjọ́ kan tí a ó fi han àwọn ọmọ SS1 àti SS2 pé dídá òwò sílẹ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn lè yàn láàyò, bí wọ́n ṣe ń yan iṣẹ́ dókítà tàbí ti agbẹjọ́rò. Lọ́dún tó kọjá, a pe gbajúmọ̀ oníṣòwò kan wá láti Èkó. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n bá a ya fọ́tò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n ní ọjọ́ kejì pé kí ni wọ́n rí kọ́, ọkọ̀ tí ó gbé wá ni wọ́n ń sọ. Ta ni kí a pè lọ́dún yìí?
Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ má bínú sí wọn nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn, ohun tí a gbé síwájú wọn ni wọ́n wò. Ẹni tí òwò rẹ̀ ti gbó, adùn rẹ̀ nìkan ni ó máa ń hàn lára rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò sì lè ti ara agbádá mọ oṣù tí owó kò wọlé rárá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi gbajúmọ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ wá obìnrin kan tí ó ń yan gàrí tà, tí yóò gbà kí àwọn ọmọ ṣírò owó òun lójú òun. Ẹ má pè é wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé o. Ẹ̀yin ni kí ẹ kó ogún ọmọ lọ bá a níbi iṣẹ́.

Kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí ẹ̀rọ ń rin ín, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú àpò, tí wọ́n sì ń gbé nǹkan wúwo lé e kí omi lè ro dànù. Ìdí àpò yẹn ni kí ẹ ti dá wọn dúró. Ibòmíràn wà tí kì í pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án, ṣùgbọ́n tiwa a máa sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè kan dáadáa. Ẹ wá bi wọ́n léèrè pé: owó ta ni ó ń sùn nínú àpò yìí? Owó ẹ̀gẹ́ ti jáde, owó àwọn tí ó bó o ti jáde, owó ẹ̀rọ ti jáde, kọ́bọ̀ kan kò sì tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń lọ sí ilé-ìwé. Ó lè dúró nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá kíkan yẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ọmọ tí ó bá ti fọwọ́ kan àpò yẹn, kò tún ní bi yín pé kí ni owó ìdókòwò.

Bí ẹ bá padà dé kíláàsì, ẹ kọ iye rẹ̀ sójú pátákó. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀, tí kì í ṣe iye ọjà òní: ẹ̀gẹ́ ₦30,000, bíbó ₦4,000, ẹ̀rọ ₦3,000, igi ìdáná ₦5,000, owó ẹni tí ó yan án ₦6,000, ọkọ̀ dé ọjà Òkè-Ajé ₦2,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Ó wá ta gàrí náà ní ₦58,000. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yóò pariwo pé ₦28,000 ni èrè, nítorí pé owó ẹ̀gẹ́ nìkan ni wọ́n rántí yọ. Ọmọ tí ó bá fara balẹ̀ yóò ní ₦8,000. Nígbà náà ni kí ẹ wá bi wọ́n pé, bí ó bá jẹ́ ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó dúró ti iná, tí kò san owó yíyan fún ẹnikẹ́ni, ṣé ₦14,000 ni èrè rẹ̀, àbí ₦6,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó iṣẹ́ tí ó ṣe? Mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọn kò tíì bi ara wọn ní ìbéèrè yìí.

Èmi náà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo wà ní girama, àwa mẹ́ta dá owó jọ láti máa ta bisikíìtì ní yàrá ìbùsùn. Ojoojúmọ́ ni a ń tà, síbẹ̀ nígbà tí táàmù parí, owó ọwọ́ wa kò tó èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀. A fura sí ara wa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, kí a tó rí i pé àwa gan-an ni oníbàárà tí ó ń jẹ ẹ́ jù, a kì í sì í sanwó.

Ẹ lè bẹ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pé kí wọ́n yá àwọn ọmọ ní owó díẹ̀, kí ẹgbẹ́ ọmọ márùn-ún-márùn-ún fi ta ohun tí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì dá a padà ní ìparí táàmù pẹ̀lú ìwé ìṣirò. Bí Ojúde Ọba bá bọ́ sí àsìkò, ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn kan yóò fẹ́ ta omi tútù àti abẹ̀bẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí yìnyín wọn yọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi owó tiyín dí i fún wọn.

Ní ti àwọn òbí tí yóò sọ pé òwò kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tó kàwé, ẹ rán wọn létí Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní ọdún 1902, tí ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé kí ó tó di oníṣòwò aṣọ àti irè oko, tí ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Olú-Ìwà sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ọjà jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1971. Láti ọdún 2011 sì ni ìlànà ẹ̀kọ́ ti sọ ọ́ di dandan kí ọmọ girama àgbà kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kan, ó kéré tán, nínú 34. Ní ọdún 2025, ìjọba dín wọn kù sí mẹ́fà, lára wọn ni aṣọ rírán, ẹran sísìn, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti iná oòrùn. Mo fara mọ́ dídín náà, nítorí pé ilé-ìwé tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo kò lè fi ìwé nìkan kọ́ ọmọ ní aṣọ rírán.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, SS2 ni ọmọbìnrin mi wà. Ó ń di irun, ó sì ń ta wíìgì lórí WhatsApp. Ó ní òun kò ní ṣe JAMB mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, àyà mi ń já.
Bàbá kan, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ má gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. WAEC ni kí ẹ dúró lé lórí. JAMB kì í sá lọ, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ní báyìí, ẹ ní kí ó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Bí kò bá ní, ẹ ra ọ̀kan fún un, kí ó kọ ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde àti ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè fún táàmù kan gbáko, kí ẹ tó tún jókòó sọ̀rọ̀. Kò tíì lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lóun nìkan títí yóò fi pé ọdún 18, nítorí náà kò sí ìkánjú. Ìlú tí ẹ wà kò sì ṣàìní olùkọ́: ẹ mú un lọ bá ìyá àgbà kan tí ó ń ṣòwò obì, kí ó bi í bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obì sínú ewé de ìgbà tí owó rẹ̀ yóò lé, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dún tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́.

Èmi náà ní ìbéèrè kan fún yín. Irun tí ó ń dì fún ìyá rẹ̀ àti àwọn àǹtí rẹ̀, ṣé wọ́n ń sanwó rẹ̀?