Epo São Tomé: ẹ wo ọwọ́ Nàìjíríà náà

Àbúrò mi tó sọ pé Amẹ́ríkà ló ṣe ìdìtẹ̀gbàjọba São Tomé, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré inú òkun Gulf of Guinea, lọ́dún 2003 torí epo, jẹ́ kí n bá ọ dá sí i. Ìlú yẹn ni mo wà nígbà náà, aṣọ àti bàtà ni mo ń kó láti Èkó lọ tà níbẹ̀.

Ọjọ́ 16 oṣù Keje ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìbọn fi ń dún. Méjọ̀ Fernando Pereira ló ṣáájú àwọn sójà náà. Wọ́n mú olórí ìjọba, Maria das Neves. Nàìjíríà ni ààrẹ, Fradique de Menezes, wà. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìkùnsínú àwọn sójà tó ń ra bàtà àwìn lọ́wọ́ mi: owó oṣù ò tó nǹkan, bárékè ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tó ti bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Buffalo ti South Africa jagun rí náà dara pọ̀ mọ́ wọn, inú ń bí àwọn yẹn tiwọn lọ́tọ̀.

Epo ò ṣàìsí níbẹ̀ ṣá. Láti 2001 tí São Tomé ti bá Nàìjíríà buwọ́ lùwé pé ohun tó bá jáde nínú òkun àjọni, ìyẹn omi tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ ni, ìdá 60 nínú 100 fún Nàìjíríà, 40 fún wọn, owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ni gbogbo ìlú ń ná lẹ́nu. Onílé mi fowó lé owó ilé, ó ní àwọn òyìnbó elépo ń bọ̀. Sójà tí ò jẹun kánú ń gbọ́ pé ìlú òun máa tó di Kuwait. Kí lo rò pé yóò ṣe?

Ti Amẹ́ríkà tí mo fojú rí ò ju òpó VOA, rédíò ìjọba Amẹ́ríkà, ní Pinheira lọ. Ariwo pé wọ́n fẹ́ kọ́ ibùdó ológun ojú omi ti ń lọ láti 2002, a ò rí nǹkan kan. Ẹni tó dá sí i ní tààràtà ni Obasanjo. Ọjọ́ 23 oṣù Keje, òun fúnra rẹ̀ ló bá Menezes padà wálé. Wọ́n ṣe àdéhùn, wọ́n sì forí ji àwọn sójà. Lọ́jà, àwọn obìnrin ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi ni mo wa bàálù. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àwọn obìnrin yẹn kan náà ń bi mí pé kí ló dé tí 60 fi jẹ́ tiyín. Mo ní kí wọ́n lọ bi Obasanjo.

Tún wo ERHC, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kékeré tó gba àdéhùn epo São Tomé ní 1997. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Emeka Offor, ọmọ Nàìjíríà, ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì àjọ tó ń bójú tó òkun àjọni náà ńkọ́? Àbújá ló wà.

Mílíọ̀nù 123 dọ́là ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo fi gba Búlọ́ọ̀kù 1 nínú òkun àjọni náà. Chevron gbẹ́ kànga ibẹ̀ ní 2006, epo tí wọ́n bá ò tó tà. Koko àti epo pupa ni São Tomé ṣì ń kó lọ sókè òkun.