Kò sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba "ìpín Èkìtì"

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé. Ọkùnrin kan wá bá wa pé tírílíọ̀nù 348 náírà ló wà nínú Ètò Ìdàgbàsókè Orílẹ̀-Èdè, pé bí wọ́n bá pín in fún ìpínlẹ̀ 36, ó lé ní tírílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó kan Èkìtì, àti pé ẹgbẹ́ tó bá ra fọ́ọ̀mù òun ní 15,000 náírà ló máa jẹ nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti san. Báwo la ṣe máa kọ ọ́ tí wọn ò fi ní dá a padà? Ṣé dandan ni ká ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi CAC sílẹ̀ ná. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, láti Ọ̀mùò dé Ìjerò, inú sì ti ń bí mi. Kò sí fọ́ọ̀mù. Kò sí tírílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Owó tí wọ́n ní kí ẹ wá jẹ níbẹ̀ kò sí nínú àpò ẹnikẹ́ni tó lè bù ú fún yín.

Ètò 2021 sí 2025 ni ọkùnrin náà ń sọ, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kejìlá 2021. Tírílíọ̀nù 348.1 wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò kà sí yín létí ni pé 298.3 nínú rẹ̀, ọwọ́ aládàáni ni wọ́n ti ń retí rẹ̀: báńkì, iléeṣẹ́, olókòwò ilẹ̀ òkèèrè, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ara yín gbin iṣu. 49.7 ló kù fún ìjọba. Ẹ má tíì yọ̀ o. 20.1 nínú ìyẹn, àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ní kó wá a fúnra wọn. Èkìtì wà lára àwọn tí ètò náà wojú wọn fún owó! Ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 29.6, fún ọdún márùn-ún gbáko.

Ṣé ẹ mọ bí ẹbí ṣe ń jókòó kọ ìwé ìnáwó ìgbéyàwó? Wọ́n á kọ màlúù, wọ́n á kọ àpò ìrẹsì, wọ́n á kọ onílù, wọ́n á sì kọ iye tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó. Bí ìwé yẹn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ṣé ẹ lè mú un tọ alápatà lọ pé kó gé ẹran tiyín fún yín? Ohun tí ètò ìdàgbàsókè jẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe òfin ìnáwó. Òfin ìnáwó ni èyí tí àwọn aṣòfin ń bu ọwọ́ lù lọ́dọọdún, ìyẹn ìṣúná. Gbogbo ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún 2022 kò ju tírílíọ̀nù 17 àti díẹ̀ lọ, owó oṣù àti gbèsè sì wà nínú rẹ̀. Ẹ pín 348 sí ọdún márùn-ún, ó sún mọ́ 70 lọ́dún kan. Ta ló fẹ́ mú 70 jáde nínú 17?

Owó tó ń wọlé wá fún Èkìtì lóṣooṣù jẹ́ ọ̀tọ̀. Láti inú àpò àjọni, ìyẹn àpò owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń pín, ló ti ń wá: ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ 26.72, ìbílẹ̀ 20.60, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìdá 13 nínú owó epo rọ̀bì fún àwọn ìpínlẹ̀ tó ní i. Nínú ti ìpínlẹ̀, ìdá 40 ni wọ́n ń pín dọ́gba, 30 ń tẹ̀lé iye ènìyàn, ìyókù ń tẹ̀lé ilẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn. A ò ní epo, a ò sì pọ̀. Ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ máa wá ni owó tí ìjọba àpapọ̀ ń ná ní Èkìtì láì kọ ọ́ pé ti Èkìtì ni. Abẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni yunifásítì Ọyẹ́ wà, abẹ́ ìlera ni ilé ìwòsàn ńlá Ìdó, abẹ́ iṣẹ́ òde ni ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́. Kànga tàbí ìsédò lè wà lábẹ́ àjọ odò Benin-Owena tó fìdí kalẹ̀ sí Benin. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìṣúná, ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ERGP, orúkọ iṣẹ́, bóyá iṣẹ́ tuntun ni tàbí èyí tó ń lọ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà iye owó. (ERGP yẹn, orúkọ ètò ọrọ̀ ajé ìjọba àpapọ̀ ti 2017 sí 2020 ni. Ètò náà ti kógbá sílé, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára nọ́ńbà.) Kí ìlà wà nínú ìwé kò sọ pé owó ti jáde o. Ọ̀pọ̀ ló ń kú síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín gba ìwé náà lórí budgetoffice.gov.ng, ọ̀fẹ́ ni. Kó wá "Ikole", kó wá orúkọ abúlé yín, kó má wá "Ekiti" nìkan. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tí ẹ ò rí lójú ilẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí àjọ tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ìlà náà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣojú-ṣòfin Ìkọ̀lé àti Ọyẹ́. Tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá sì pe ìpàdé lórí ìṣúná, ẹ má lọ béèrè "ìdàgbàsókè." Ẹ béèrè ọ̀nà oko kan, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti afárá tó já láàárín rẹ̀.

Mi ò mọ ẹni tó ta fọ́ọ̀mù náà, mi ò sì pè é lólè. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kọ́ ni mo ń sọ. Àmọ́ kí àwọn tí kò tíì san má san. Kí àwọn tó ti san mú rìsíìtì wọn, bí ó bá fún wọn, kí wọ́n jọ lọ bá a lọ́sàn-án gangan, kó ka owó wọn fún wọn. Bí ó bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó san àti ọjọ́ tí wọ́n san sínú ìwé kan kí ẹ tó lọ sí tésàn.

CAC ńkọ́? Ó dára kí ẹgbẹ́ yín forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.