Mo ń san owó adójútòfò ìlera, kí ló dé tí owó ṣì ń jáde lápò mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó adójútòfò ìlera nínú owó oṣù mi. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ibà, mo san owó dókítà, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti díẹ̀ lára owó oògùn. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tí màá san kí n tó kúrò nílé?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìrẹ́jẹ rárá. Owó oṣooṣù yẹn ló ń mú kí orúkọ yín wà nínú ìwé wọn. Owó ọjọ́ àìsàn lọ́tọ̀, ìwé àdéhùn yín ló sì máa sọ bí ẹ ó ṣe san án. Nínú àdéhùn míì, iye kan pàtó ni wọ́n là kalẹ̀ fún gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí dókítà. Nínú òmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá san iye kan tán lọ́dún kí iléeṣẹ́ adójútòfò tó da owó tiwọn sí i, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá jọ máa pín in san. Ìkejì yìí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 300 ni ẹ gbọ́dọ̀ dá san lọ́dún, tí ìpín yín lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100. Bí owó ìtọ́jú bá jẹ́ 500, ẹ ó san 300 àkọ́kọ́, ẹ ó tún san 40 nínú 200 tó kù: 340 lápapọ̀. Bí ọmọ bá tún ṣàìsàn lóṣù kejì, tí owó rẹ̀ tún jẹ́ 500, 100 péré ni tiyín. Ẹ tún béèrè bóyá òpin wà sí iye tó lè jáde lọ́wọ́ yín lọ́dún kan. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní in, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sì mọ̀.

Ní tèmi, owó dókítà kọ́ ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù. Àyẹ̀wò ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, àmọ́ àyẹ̀wò mẹ́rin márùn-ún lè wà lórí ìwé, kálukú pẹ̀lú owó tirẹ̀. Ilé ìwòsàn sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ síbi àyẹ̀wò mìíràn tí iléeṣẹ́ adójútòfò yín ò bá ṣe àdéhùn. Ibẹ̀ á wá fi ìwé owó tirẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyàwòrán inú ara: owó ẹni tó yà á àti owó dókítà tó túmọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé, “Èwo nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí ni a ò gbọ́dọ̀ má ṣe lónìí?” Kì í ṣe àrífín.

Ní ti oògùn, ẹ bi apòògùn bóyá irú rẹ̀ tí kò ní orúkọ iléeṣẹ́ ńlá wà. Ohun kan náà tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń dínwó. Eyín àti ojú sábà máa ń ní àdéhùn tiwọn lọ́tọ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò: ṣé ilé ìwòsàn yìí wà lára àwọn tí ẹ bá ṣe àdéhùn? Ṣé mo nílò ìyọ̀ǹda yín kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò? Èló ni mo ti san lọ́dún yìí? Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀. Àmọ́ bí ọmọ bá ń mí gúlegúle tàbí tí gìrì gbé e, ẹ má pe ẹnikẹ́ni nítorí owó, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ti èyí tí ẹ ti san, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tó to owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé èyí tí adójútòfò ní lọ́wọ́. Bí àyẹ̀wò kan bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, tó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe é, ẹ mú ìwé méjèèjì padà lọ bá akọ̀wé owó wọn.